Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọ Wa ní Enugu: Ẹ Jẹ́ Kí A Sọ Òtítọ́ Ọjọ́ Orí Wọn
(Ọ̀rọ̀ tí alága ìgbìmọ̀ eré ìdárayá sọ níbi ìkówójọ ẹgbẹ́ wa)

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé èmi ni n ó sọ̀rọ̀ lórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọ wa, mo ní kí ó lọ wá ẹni tí ó kàwé jù mí lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó tẹ̀lé àbúrò bàbá mi wá sí ìlú yìí ní ọdún 1986 láti kọ́ òwò aṣọ. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìwé gíga, ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan ni ẹgbẹ́ ń fẹ́. Ojú mi ti rí nǹkan, ẹ̀yin ará. N ó sọ díẹ̀ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn ọmọ wa tí kò tíì pé ọdún 15 bá àwọn ọmọ àdúgbò mìíràn gbá àṣekágbá ìdíje kan, wọ́n sì fi gólì mẹ́rin sí òdo nà wá. Ẹni tí ó dúró sí ẹ̀yìn fún wọn ní irùngbọ̀n. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi ní ààbọ̀ eré, obìnrin kan gbé omi wá fún un. Àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí obìnrin náà pọ̀n ń na ọwọ́ sí i, ó ń pè é ní Daddy. Èmi fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Inú bí wa, ó sì yẹ kí inú bí wa. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, àwọn kan dìde, wọ́n ní àwa náà ní ọmọ ńlá nílé, ẹ jẹ́ kí a dín ọjọ́ orí wọn kù, kí a gba ife náà wá sílé ní ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ eré ìdárayá lọ rò ó wò. A ti rò ó. Èsì tí mo gbé wá ni pé rárá, a kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi.

Ìlú tí a ń gbé yìí mọ bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1970 tí ogun parí ni wọ́n dá Rangers sílẹ̀, ilé ń jó, ebi ń pa ènìyàn, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ogun kò pa kó ara wọn jọ, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1974 wọ́n ti gba líìgì Nàìjíríà. Ní 1977 wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn tí ó gba ife ní ìlú wọn, èyí tí Shooting Stars ti Ìbàdàn ti gbà ní ọdún kan ṣáájú. Ṣé ẹ mọ̀ pé kí Rangers tó dé àṣekágbá ọdún náà, àwa àti wọn ni a pàdé? Rangers àti Shooting Stars gbá a títí, kò sí ẹni tí ó borí, àfi ìgbà tí ó di pẹ́náritì ní Kaduna. Mo kéré nígbà náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi tí ó wà níhìn-ín sọ fún mi pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Enugu rọ ohùn rédíò sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, wọ́n gbé e sí abẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tí ó parí, wọ́n jáde síta, wọ́n bá onílé jó. Kí ni wọn ìbá tún ṣe?

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1980, Nàìjíríà gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Èkó. Gólì mẹ́ta ni wọ́n jẹ Algeria. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Muda Lawal jẹ ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọmọ Shooting Stars. Ta ni kápùténì tí ó gba ife náà? Christian Chukwu ti Rangers ni, ẹni tí ó di olóògbé ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Mo ń sọ èyí nítorí pé ẹnìkan béèrè ní ìpàdé pé kí ló dé tí a fi ń ná owó Yorùbá lórí ọmọ onílé. Ọmọ 24 ni ó wà nínú ẹgbẹ́ wa, mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ ọmọ onílé. Ìbéèrè náà dùn mí. Bí a bá lé àwọn mẹ́sàn-án wọ̀nyí lọ, ta ni àwọn tiwa yóò bá ṣeré? Ọmọ wa tí wọ́n ń pè ní Ngbati ní ilé ìwé, lórí pápá ni ó ti ń di ọ̀rẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Okocha. Enugu ni wọ́n bí Jay-Jay Okocha sí ní ọdún 1973. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ibí, Ogwashi-Uku ni wọ́n ti wá, nítorí náà ọmọ àtìpó ni òun náà bí àwọn ọmọ tiwa. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ohunkóhun tí ó bá ti rí róbótó ni àwọn fi ń ṣe bọ́ọ̀lù, bí àwọn bá sì rí bọ́ọ̀lù gidi, èrè ni. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń yí ènìyàn po. Ní 1990 ó gbá bọ́ọ̀lù fún Rangers. Mo wà ní Enugu nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí a kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ tí ọjà bá ń tà, nítorí náà n kò rí i pẹ̀lú ojú mi rí, ó sì ń dùn mí títí di òní. Ní ọdún náà gan-an ni ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Jámánì, ó tẹ̀lé e lọ sí pápá, wọ́n rí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó dúró. Ọmọ ọdún 17 ni. Ẹ mú nọ́ńbà yẹn dání, n ó padà sí i.

Ẹ wo Rashidi Yẹkinì pẹ̀lú. Ìra ní ìpínlẹ̀ Kwara ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n Kaduna ni wọ́n bí i sí, ní 1963. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí ìdálẹ̀ ni, ẹ̀yin ará, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó jókòó sí ẹ̀yìn yẹn. Ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL ní Kaduna ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún, nígbà tí ó tó ọmọ ọdún 18. Àwa tí a ń ta aṣọ mọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà dáadáa. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Shooting Stars, ó lọ sí Abíọ́lá Babes, ó lọ sí Abidjan, ó lọ sí ilẹ̀ Potogí. Ní 1993 òun ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà, kò sì sí ọmọ Nàìjíríà tí ó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Ní 1994 ní Amẹ́ríkà ó jẹ gólì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní ife àgbáyé. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Gólì 37 ni ó jẹ fún Nàìjíríà, kò sì tíì sí ẹni tí ó jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ta ni ó mọ iye ife tí ó gbà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14? Kò sí ẹni tí ó béèrè.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti gba ife àgbáyé ti àwọn ọmọdé ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún: 1985 ní China, 1993 ní Japan, 2007 ní Korea, 2013 ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, 2015 ní Chile. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ife àgbáyé ti àgbà ńkọ́? A kò kọjá ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún rí. Ní 2022 a kò dé ibẹ̀. Ti 2026 náà, Congo ti Kinshasa fi pẹ́náritì lé wa padà ní oṣù kọkànlá 2025. Kódà ti àwọn ọmọdé tí a fi ń yangàn, a kò dé ibẹ̀ ní 2017, a kò dé ibẹ̀ ní 2023, a kò sì dé ibẹ̀ ní 2025. N kò sọ pé gbogbo àwọn ọmọ tí ó gba ife márùn-ún náà ni ó parọ́ ọjọ́ orí. Kanu jáde láti inú wọn, Osimhen náà jáde láti inú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pòórá pọ̀ ju àwọn tí a mọ̀ lọ. Ọmọ tí a pè ní 16, tí ó jẹ́ 20, nígbà tí ìwé rẹ̀ bá fi máa pé 26, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pé 30.

FIFA sì ti jẹ wá níyà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní 1989 wọ́n rí i pé ọjọ́ ìbí tí a kọ fún àwọn kan kò bá èyí tí a ti kọ fún wọn tẹ́lẹ̀ mu, wọ́n sì fi òfin dè wá fún ọdún méjì nínú ìdíje àwọn ọmọdé. Ní 2009 tí wọ́n ṣe ife àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ wa, tí wọ́n sì gbá díẹ̀ nínú rẹ̀ níhìn-ín ní pápá Nnamdi Azikiwe, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní MRI. Ọrùn ọwọ́ ọmọ ni wọ́n ń wò. Ibì kan wà ní ìparí egungun ibẹ̀ tí egungun ti ń dàgbà. Nígbà tí ọmọ ṣì kéré, ó là sílẹ̀. Bí ó bá ń dàgbà, ó ń dí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dí pátápátá. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ó dí tán nínú ọmọ tí kò tíì pé 17.

Ẹ dákun, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ níhìn-ín.

Mo ní ọmọkùnrin kan. Ní 1994 ni ìyá rẹ̀ bí i, ní ìlú yìí. Ó mọ bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe nítorí pé ọmọ mi ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé Uwani láti ìgbà náà lè jẹ́rìí. Ní 2012 ó ti pé ọdún 18. Kóòṣì kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní wọ́n ń ṣa àwọn ọmọ tí kò ju 17 lọ, ó ní bí ọmọ yìí bá lè jẹ́ ọmọ 1997, ọ̀nà ti là. N kò bi ọmọ náà léèrè. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí kóòtù, mo búra. Èmi fúnra mi fi ọwọ́ sí i pé 1997 ni mo bí ọmọ tí mo bí ní 1994. Owó tí wọ́n gbà kò tó owó aṣọ yáàdì mẹ́fà. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ta ọjà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n mú un lọ pẹ̀lú àwọn mìíràn. Wọ́n yìn ín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ní kí ó na ọwọ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Òru ni ó dé ilé. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó ní, “Bàbá, ẹ̀rọ náà kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.” Ó wọ yàrá lọ.

Èyí tí ó burú jù ṣì wà níwájú. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ kan tí ó ń gbá líìgì rí i, wọ́n fẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí àgbà. Wọ́n ní kí ó kó ìwé rẹ̀ wá. Ìwé WAEC rẹ̀ ní 1994, ìwé tí mo búra sí ní 1997, ìwé tí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ náà ní 1997. Wọ́n ní èwo ni òtítọ́? Wọ́n dá a padà. Ẹ rántí Okocha: 17 ni nígbà tí ó lọ sí Jámánì. Ẹ rántí Yẹkinì: 18 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi jẹ́ 18, ó mọ bọ́ọ̀lù, kí ni ó burú nínú 18? Kò sí ohun tí ó ṣe é àfi ìwé tí èmi bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ sí.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ta aṣọ, ẹ mọ aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì gbé dúró. Lórí tábìlì, ó le, ó ń dán, oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ kì í omi bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ wo ohun tí ó kù lọ́wọ́ yín. Mo mọ aṣọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1986. N kò mọ̀ ọ́n lára ọmọ mi.

Ní 2016 tí Rangers gba líìgì lẹ́yìn ọdún 32, ẹ rántí bí gbogbo Ogui Road ṣe kún, tí ènìyàn ń gun orí ọkọ̀. Ọmọ mi wà nínú yàrá. Ní 2024 tí wọ́n tún gbà á, ó wà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí ó ti ń tún fóònù ṣe, kò gbé orí sókè. Kì í bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ó mọ̀ pé mo fẹ́ sọ èyí lónìí. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ó ti kọ́ àwọn tí ó wà nílẹ̀ yìí.

Iṣẹ́ kíkọ́ ni bọ́ọ̀lù ọmọdé, gẹ́gẹ́ bí òwò tí a kọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, ọdún kan gbáko ni mo fi gbálẹ̀, tí mo ká aṣọ, tí mo ru ẹrù. Kò béèrè iye tí mo tà. Àwọn onílé wa ní igba boyi tiwọn, ẹ sì rí bí ó ti ń sọ ọmọ tí kò ní nǹkan di ọlọ́jà ńlá: ọmọ yóò sìn fún ọdún mélòó kan, ọ̀gá yóò sì fún un ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀gá tí ó ń mú ọmọ ọdún kìíní lọ bá ẹni tí ó ti ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta díje, kí ó sì wá lu ọmọ náà nítorí pé kò borí. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń ṣe lórí pápá ní ọjọ́ Sátidé. Èmi pẹ̀lú máa ń pariwo. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan, ìṣirò ọjà ni. A ní ọmọ 24 àti bọ́ọ̀lù méjì, ọ̀kan sì ń jò. Nítorí náà bọ́ọ̀lù kan ni a ní. Bí wọ́n bá ṣeré fún wákàtí kan, tí a sì pín ìṣẹ́jú 60 sí ọ̀nà 24, ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni ó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìyókù, ìsáré àti ariwo ni. Bí a bá ní bọ́ọ̀lù mẹ́fà, ọmọ mẹ́rin ni yóò máa pín ọ̀kan, ìṣẹ́jú 15 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlọ́po mẹ́fà nìyẹn, láìsí pé a fi ìṣẹ́jú kan kún àkókò. Ẹ rí i pé bọ́ọ̀lù ni ó yẹ kí a rà, kì í ṣe ife. Àwọn òyìnbó England, tí wọ́n lówó, kì í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé 12 gbá ènìyàn mọ́kànlá sí mọ́kànlá. Pápá kékeré, ènìyàn díẹ̀, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa kan bọ́ọ̀lù. Wọn kì í sì í tẹ àtẹ líìgì jáde fún àwọn ọmọ tí kò tíì ju 11 lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ẹni tí ó wà lókè tàbí nísàlẹ̀. Ohun tí Okocha àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní àdúgbò láìsí owó, òun ni wọ́n ń fi owó ṣe níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó ń pa àwọn ọmọ kéékèèké wa lára. Láàárín ọdún 13 sí 15, àwọn ọmọ kò dàgbà bákan náà. Ọmọ méjì tí a bí ní oṣù kan náà, ọ̀kan ti ga bí ọ̀pẹ, ohùn rẹ̀ ti wúwo, èkejì ṣì dàbí ọmọ ọdún 11. Kóòṣì tí ó ń wá ife yóò mú èyí tí ó ga, yóò ní kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù síwájú fún un kí ó sáré tẹ̀lé e. Èyí tí ó kéré yóò jókòó títí yóò fi sú u. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tókù ti ga bá èyí tí ó ga, kò sì mọ nǹkan mìíràn ju sísáré lọ. A ti bá kóòṣì wa sọ ọ́: ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbá ó kéré tán ààbọ̀ eré. Bí a bá jẹ gbèsè gólì nítorí rẹ̀, a ó san án lẹ́yìnwá. Àti pé ọmọ tí ó bá ní orúnkún ń dun òun ní àsìkò tí ó ń ga, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Egungun ni ó ń sáré ju iṣan lọ. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ owó. Òfin kan wà ní FIFA láti ọdún 2001. Bí ẹgbẹ́ kan ní òkè òkun bá ra agbábọ́ọ̀lù nígbà tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó kọ́ ọ láti ọdún 12 títí dé 23. Láti 12 dé 15, ọdún kọ̀ọ̀kan jẹ́ náírà kan nínú irinwó náírà. Láti 16 sókè, ó di náírà kan nínú igba. Bí a bá ra ọmọ kan ní mílíọ̀nù kan dọ́là, tí ó sì jẹ́ pé àwa ni a kọ́ ọ láti 12 títí dé 15, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là ni tiwa. N kò sọ pé ó dájú pé a ó rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé owó náà kò ní dé ọ̀dọ̀ wa láé bí ẹgbẹ́ wa kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, tí a kò sì kọ orúkọ ọmọ náà àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ bí ó ti rí gan-an. Bí a bá gé ọdún mẹ́ta kúrò lára ọmọ, a gé ọdún tí a fi kọ́ ọ kúrò pẹ̀lú.

Òfin mìíràn ni pé agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé 18 kò gbọdọ̀ lọ sí ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò pọ̀, bí i kí àwọn òbí rẹ̀ fúnra wọn kó lọ nítorí iṣẹ́ tiwọn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá jókòó sí pálọ̀ yín tí ó ní òun ó mú ọmọ ọdún 15 lọ sí Yúróòpù, kí ẹ mú mílíọ̀nù kan wá, ẹ fún un ní omi mu kí ẹ sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí irú wọn kó lọ tí wọ́n sì já sílẹ̀ ní ìgboro Paris pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Jean-Claude Mbvoumin, ọmọ Cameroon tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 2000 láti máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Foot Solidaire ni orúkọ rẹ̀.

Ti ilé ìwé kò gùn. Ẹni tí ó bá sá kúrò ní kíláàsì láàárín ọ̀sẹ̀ kò ní wọ jẹ́sì ní ọjọ́ Sátidé. Ọdẹ́gbàmí tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan lọ sí Pọ́lì Ìbàdàn. Ìyá kan sì bi mí pé àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Ó tọ́. Asisat Oshoala ti Ìkòròdú ti gba ti agbábọ́ọ̀lùbìnrin Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, èyí tí kò sí ọkùnrin wa kan tí ó ṣe é. Bí a bá rí ọmọbìnrin méjìlá, a ó bẹ̀rẹ̀.

Owó tí ẹ bá dá lónìí fún ìgbìmọ̀ wa, ohun tí a ó fi ṣe nìyí: bọ́ọ̀lù mẹ́fà, bàtà fún àwọn tí ó ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá lórí ilẹ̀ pupa yẹn, àpótí oògùn, owó pápá, àti owó ìforúkọsílẹ̀. A kò ní ra ife kankan. Ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí òbí kọ̀ọ̀kan mú ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ wá, èyí tí ó jẹ́ òtítọ́. Ẹni tí ó bá ti búra èké tẹ́lẹ̀, kí ó wá rí mi níkọ̀kọ̀. N kò ní bínú sí i, èmi kọ́.

Àwọn ìyá méjì ti wá bá mi tẹ́lẹ̀. Ọmọ wọn ti pé 17, wọ́n sì ń gbá pẹ̀lú àwọn tí kò tíì pé 15. A ó yọ wọ́n sí ẹgbẹ́ àwọn àgbà. Ọ̀kan nínú wọn ni aṣọ́lé wa, a kò sì ní ẹlòmíràn tí ó dára tó o. Ní ìdíje tí ń bọ̀, ọmọ ọdún 13 ni yóò dúró lójú ilé fún wa. Ó kéré, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan igi òkè. Yóò jẹ gólì. Bí ó bá jẹ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe hó lé e lórí.